Orin Àkísà Kò Fẹ́ Ìkánjú

Lóṣù tó kọjá, ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo jókòó sẹ́yìnkùlé mi níbí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, mo ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, nígbà tí ẹnì kan nínú ilé tó kángun sí tèmi tan kíbọ́ọ̀dù, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na orin kan bí ẹni ń na olè. Mo ní ó ń nà á, n kò ní ó ń tẹ̀ ẹ́. Orin tó yẹ kó máa rọra rìn, kó máa mi èjìká, ló ń sáré bí ọ̀kadà tí bíréèkì rẹ̀ já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n. Mo fò dìde. Àtẹ ẹ̀wà dojú dé, àwọn adìyẹ àdúgbò sì rí oúnjẹ alẹ́ jẹ.

Kì í ṣe ariwo ló bí mi nínú. Ariwo ti mọ́ mi lára. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ló yí ilé mi ká, kò sì sí èyí tí kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn nínú wọn. Ohun tó bí mi nínú ni pé mo mọ orin náà, mo mọ ìrìn tó yẹ kó máa rìn, mo sì mọ̀ pé ènìyàn mẹ́ta péré ló mọ̀ ọ́n tẹ̀ rí ní gbogbo agbègbè wa. Ọ̀kan ni Tíṣà wa, tó ti kú tipẹ́. Ọ̀kan ni èmi, tí n kò fọwọ́ kan dùrù mọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Ẹnì kẹta ni Ìbídùn, ọ̀tá mi. Ìbídùn kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n wá sọ fún mi, mo ní mo ti gbọ́. Ìjurìn tí wọ́n sin ín sí, níbi tí wọ́n bí àwa méjèèjì sí, kò jìnnà síbí. N kò lọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi ná kí ẹ tó dá a.

Ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìjurìn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri rẹ̀ jẹ́ alámọ̀, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ páànù tó ti dípẹtà. Ọjọọjọ́ Ẹtì la máa ń fi ẹlẹ́bọ́tọ pa ilẹ̀ rẹ̀, àwa obìnrin ló ń pa á, àwọn ọkùnrin á kàn máa pọn omi, wọn á tún máa ṣe bí ẹni pé omi pípọn ló le jù. Ní igun yàrá ńlá ni dùrù náà wà, èyí tí ìyàwó àlùfáà òyìnbó kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílé. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti gbé e wá láti Arámọ̀kọ, ọkùnrin mẹ́fà ló rù ú lórí. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà láyé nígbà èwe wa, ọrùn rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí àlejò bá sì wá, á kọ́kọ́ fi ọrùn yẹn hàn án kó tó fún un lómi. Ẹsẹ̀ dùrù náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú agolo mílíìkì tí a rọ karosíìnì sí, nítorí ikán. A máa ń pe àwọn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára rẹ̀ ní eyín. Wọ́n ti pọ́n bí eyín ìyá àgbà tó ń fá aáṣáà, márùn-ún nínú wọn sì ti kú, tí o bá tẹ̀ wọ́n, kò sí ohùn.

Tíṣà tó ń tẹ dùrù náà tín-ín-rín, ó sì burú. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi tan yín pé gbogbo tíṣà àtijọ́ ló dára. Ó nà wá nítorí ‘ulé’ tí a kọ dípò ‘ilé’, ó nà wá nítorí ‘uṣu’, ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ tó bá délé. Ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó sídìí dùrù, pàṣán á bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ á sì rọ̀. Ó rí àwọn ìwé orin kan nínú àpótí tí ìyàwó òyìnbó yẹn fi sílẹ̀. Lára ọ̀kan nínú wọn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan tí kò mọ̀, ‘rág’. Ó wo ìwé atúmọ̀ èdè, ìwé ní àkísà ni. Látọjọ́ náà ló ti ń pè é ní orin àkísà, orúkọ náà sì gba ìlú kan. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé orin àkísà ni mo ń kọ́ níléèwé, ó ní òun ò rán ọmọ lọ kọ́ àkísà, pé àkísà tó wà nílé tó wa.

Ẹ wá gbọ́ bí orin náà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ìjà wà. Ọwọ́ òsì á máa lọ déédéé, kò gbọdọ̀ yára, kò gbọdọ̀ falẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ò ní bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín ni yóò máa bọ́ sí, á yọ́ wọlé, á yọ́ jáde. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Ó pẹ́ kí Tíṣà tó rí ohun tó máa fi yé wa. Lọ́jọ́ kan ó gbé odó wọ kíláàsì, odó gidi, pẹ̀lú iṣu tí wọ́n ti sè.

“Ọwọ́ òsì ni ọmọ odó,” ó wí. “Ọwọ́ ọ̀tún ni ọwọ́ tó ń yí iyán. Bí ọmọ odó bá kánjú, ọwọ́ á fọ́.”

Kò sí ọmọ Èkìtì tí ìyẹn ò yé. Gbogbo wa ló ti rí ìyá wa rí, tó ń fi ọwọ́ kan gún, tó ń fi ìkejì yí iyán padà nínú odó láàárín gbì kan sí gbì kejì, tó tún ń bá aládùúgbò fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Kò wo odó. Àlàfo tó wà láàárín gbì méjì ló gbẹ́kẹ̀ lé, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni orin àkísà: bí o bá sáré, àlàfo á pa dé, bí àlàfo bá sì ti pa dé, kò sí orin mọ́, ariwo ló kù. Ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà a jẹ iyán náà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá, nígbà tí ọ̀gá iléèwé sì dé, ó bi í pé irú ìṣirò wo nìyí.

Èmi àti Ìbídùn ló ń kọ́ dùrù náà. Agbo ilé wa kọjú síra. Orí àga kan náà la ń jókòó sí, a sì ń pín ẹ̀pà jẹ lábẹ́ tábìlì. Ìka tirẹ̀ gùn, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Tí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀. Èmi, oṣù méje ni ìyá mi fi bí mi, n kò sì tíì dúró láti ọjọ́ náà. Ọwọ́ mi yá ju tirẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n, Tíṣà náà mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló sì ń ba Tíṣà lẹ́rù.

Ọdún tí a wà ní kíláàsì kẹfà, Tíṣà sọ pé ìyá òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé àwọn ọmọbìnrin ní Adó ń bọ̀ lọ́jọ́ Gálílì, ìyẹn ọjọ́ kejì Àjíǹde. Ó ń wá ọmọ kan, ẹnì kan ṣoṣo, tí yóò máa tẹ dùrù níléèwé rẹ̀, tí yóò sì máa gbé ọ̀dọ̀ wọn kàwé títí yóò fi jáde. Èmi àti Ìbídùn ni yóò tẹ̀ ẹ́ fún un gbọ́. Bàbá mi ti sọ tèmi tẹ́lẹ̀: tí mo bá ti jáde kíláàsì kẹfà, oko kòkó ló kàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó yé yín, kì í ṣe eré la fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Ìwé tàbí oko ni.

Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ló kọ́kọ́ wọlé. Bàbá Katikíìsì wa, ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ fún ìjọ nígbà tí àlùfáà ò bá sí, kórìíra orin àkísà. Ohun tí a gbọ́ ni pé ó ṣèèṣì mi ẹsẹ̀ sí i rí nínú ilé ìwọṣọ, kò sì dárí ji orin náà. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú Eléérú, ó wọ kíláàsì, ó ní kí wọ́n fi ìwé orin náà han òun. Lókè pátápátá lára rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ti kìlọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré tẹ orin yìí. Nọ́ọ̀tì fáàsì, ni ìwé wí. Ẹ sì mọ̀ pé fáàsì yìí kan náà ni àwọn òyìnbó fi ń pe eré sísá, òun náà ni wọ́n fi ń pe ààwẹ̀. Inú ìwé àdúrà ni Katikíìsì ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, níbi tí fáàsì kò ti ní ìtumọ̀ méjì. Ó na ìwé náà sókè bí ẹni tó mú olè.

“Ẹni tó kọ ọ́ gan-an ti kìlọ̀ fún yín,” ó wí. “Kì í ṣe orin ààwẹ̀.”

Ó ti dùrù náà pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ṣòkòtò rẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Tíṣà kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. A rò pé ẹkún ló ń sun. Nígbà tó di ọ̀la ló ṣàlàyé fún àwa méjèèjì, a sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Látìgbà náà, láàárín èmi àti Ìbídùn, ààwẹ̀ ni a ń pe ìkánjú. Bí mo bá ń ru omi odò sáré bọ̀, á pariwo lẹ́yìn mi pé kí n má gbààwẹ̀ mọ́, omi mi ń dà nù. Bí mo bá jẹ iyán tán kó tó bu òkèlè kejì, á ní ààwẹ̀ mi mà pọ̀ lọ́dún yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ wa á rò pé ọmọ mímọ́ ni wá.

Bí a ò ṣe rí dùrù, ẹfun la fi ya eyín rẹ̀ sórí pákó ìjókòó, à ń tẹ pákó, à ń fẹnu kọ orin. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a lọ sídìí odó ìyá Ìbídùn. Òun á gún, èmi á yí i, lẹ́yìn náà a ó pààrọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo fi ọmọ odó gún un níka. Kò fi mí sùn. Mo sọ ìyẹn nítorí òtítọ́ ni, kì í ṣe nítorí mo fẹ́ yìn ín.

Ọjọ́ Gálílì dé. Ìyá òyìnbó náà jókòó níwájú, fìlà rẹ̀ bo ènìyàn méjì lẹ́yìn. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ìbídùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti máa ṣí ojú ìwé fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀, orin sì ń jáde, mo ń gbọ́ odó ní ọkàn mi. Mo gbójú sókè wo Tíṣà, ó ti di ojú rẹ̀ méjèèjì. Mo ní, háà, orin mi wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́, Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣí i, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi létí.

“Ààwẹ̀ ti tán.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé Àjíǹde ti dé, Katikíìsì ti tú kọ́kọ́rọ́, èèwọ̀ ti kúrò, kí n máa lọ. Mo sì lọ. Mo sáré. Fún ìgbà díẹ̀ ó dùn mọ́ mi bí ohun tí n kò lè sọ, lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì mi gba iwájú, ọwọ́ ọ̀tún ń wá àlàfo, kò rí, ó kó sórí àwọn eyín tó ti kú. Orin dá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ọwọ́ mi bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Ìbídùn wá jókòó. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu eyín dùrù, bí ẹni tó ní gbogbo ọjọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, gbì, gbì, gbì, ọwọ́ ọ̀tún ń wọlé, ó ń jáde, títí a fi rí ẹsẹ̀ Katikíìsì lábẹ́ aṣọ gígùn rẹ̀ tó ń mì. Kí òjò ọdún náà tó dá, Ìbídùn ti lọ sí Adó. Èmi náà lọ: mo lọ sóko.

Mo bá a jà kó tó lọ. Mo fa aṣọ rẹ̀ ya lẹ́nu ọ̀nà odò, mo ní ó mọ̀ọ́mọ̀ tì mí ṣubú, ó mọ̀ pé ọwọ́ mi á sáré, ó sì fún un láyè. Ó ń bi mí pé kí lòun ṣe. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà ló kẹ́yìn láàárín wa. Ó kọ lẹ́tà sí mi láti Adó. Iná ni mo fi wọ́n dá láìtú wọn. Tó bá wálé Kérésì pẹ̀lú bàtà rẹ̀, mo ń gba ẹ̀yìn ilé. Nígbà tó yá mo kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo fẹ́ ọkọ sí Ẹ̀fọ̀n, mo rán aṣọ fún ìyàwó, mo rán fún òkú, mo tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ẹ ó ní mo le. Bẹ́ẹ̀ ni, mo le. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó, mo sì ní kí ẹni tó jù ú sílẹ̀ máa tẹ èèpo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde nídìí ẹ̀wà. Mo kan ilẹ̀kùn ilé kejì, n kò kí ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan ló ṣí i, nọ́ọ̀sì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, ó tó ẹni ogójì ọdún. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ yẹn, pé ṣé ẹni náà ò ní etí ni, àbí ìwọ lo ò ní. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó sì wò mí lójú títí. Ìka rẹ̀ gùn. Ìka yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀.

Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun. Ó ní jẹ́jẹ́ ni ìyá òun kọ́ òun láti tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà ìgbésípò sí Ẹ̀fọ̀n dé, tí ìyá náà wà lórí ibùsùn, ó pe òun, ó ní tí òun bá débí, kí òun gba ilé lẹ́bàá ìyá télọ̀ báyìí báyìí, kí òun má lọ kí i o, nítorí yóò tilẹ̀kùn ni. Mi ò lè jiyàn. Tí mo bá mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, mà á tilẹ̀kùn.

“Wọ́n ní kí n máa sáré tẹ̀ ẹ́ ṣá,” ọmọ náà wí. “Wọ́n ní ẹ ò ní lè gbà á mọ́ra, ẹ ó wá bá mi jà. Wọ́n ní tí ẹ bá ti dé, kí n sọ fún yín pé ààwẹ̀ ti tán.”

Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Inú bí mi. Mo ní, ó tún sọ ọ́! Mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ sọ nípa ọjọ́ Gálílì. Kò fi ohùn fẹ́lẹ́ sọ ọ́, ó sọ ọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ ohun tí àyẹ̀wò gbé jáde. Ó ní ìyá òun sọ pé mo ti ń kánjú látìbẹ̀rẹ̀, kí ìyá òun tó lanu rárá. Ó ní ohun tí ìyá òun ń sọ sí mi létí ni pé kí ìkánjú tán, kí n rọra.

Irọ́ ni, ni mo fẹ́ wí. Ẹnu mi ti là. Ìgbà yẹn ni mo rántí Tíṣà, tó di ojú. Kó tó di pé a ṣí ojú ìwé ló ti di ojú. Ta ló ń di ojú sí orin tó dùn, tó sì fi eyín di ètè mú? Mo rí i pé ó fi eyín di ètè mú. Láti bí ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń wo ojú náà, ojú nìkan ni mo ń wò, n kò wo ẹnu.

Wọ́n ní ikán ti jẹ dùrù Ìjurìn tán, lẹ́yìn tí kò sí ẹni tó ń bu karosíìnì sínú agolo mọ́. Iléèwé ti di alábúlọ́ọ̀kù. Katikíìsì wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi ẹ̀rọ gún iyán, ẹ ò mọ ohun tó wà láàárín gbì kan sí gbì kejì, ìyẹn lẹ ṣe rò pé orin dà bí ohun tí a ń lé bá. N kò ní bẹ̀ yín. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé Ìbídùn kú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé mi, ilẹ̀ ti bò ó, mo sì jókòó sílé mi lọ́jọ́ náà, mo ń gán etí aṣọ. Ìbídùn ò gbààwẹ̀ rí láyé rẹ̀. Èmi ni mo fi gbogbo ayé mi gba ààwẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, ta ló sì fi dè mí?

Mo sunkún níwájú ọmọ ọlọ́mọ, n ò ní purọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà mo ní kó bọ́ sídìí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo jókòó tì í lórí àga kan náà. Mo gbá ọwọ́ òsì rẹ̀ mú lọ́rùn ọwọ́, mo ń gbé e sókè, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀ lórí eyín náà: gbì, gbì, gbì. Ọwọ́ ọ̀tún tèmi ti wú pẹ̀lú aromọléegun, abẹ́rẹ́ sì ti jẹ orí ìka rẹ̀. Mo gbé e sórí eyín, mo dúró de àlàfo.

“Ó yá, látòkè,” mo wí fún un. “Tó o bá gbààwẹ̀, mà á gbá ọ.”